Itọ́ Màmá Adétutù, láti Omifunfun dé Kìgálì

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí nílẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnu mi ṣe nílé. Èmi ni mo sọ fún Màmá Adétutù ní Omifunfun pé wọn óò dá itọ́ rẹ̀ padà fún un. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú ìwé kankan. Orí ara mi ni mo ti mú un jáde, nítorí pé òjò ti ṣú, ènìyàn mẹ́rin péré ló sì kù kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ore mọ̀ pé ọ̀kadà ni mo ń gùn. Délé ni wọ́n ń pè mí. Ìwé mi kò ju kíláàsì kẹta lọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Ìkálẹ̀ tí wọ́n bí mi sí, mo gbọ́ Yorùbá tí tíṣà fi ń nà wá, mo sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó tó fi bá àwọn awakọ̀ Bìní jà ní gáréèjì. Ohun tí Dókítà Bísọ́lá rí lára mi nìyẹn. Yunifásítì kan ló ti wá. Ó ń wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi máa ń bá ìdílé kan fínra láti orí bàbá àgbà dé orí ọmọ ọmọ, tí kò sì ní yà sí ilé kejì. Ó ní ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní jíìnì, tí gbogbo wa jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú irun, nínú itọ́ pàápàá. Itọ́ ló rọrùn jù láti gbà. Ó ní kí n máa gbé òun káàkiri oko, kí n sì máa ṣe ògbufọ̀, nítorí pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun, Ìkálẹ̀ wa sì ń ṣe òun bí èdè ẹyẹ.

Itọ́ rọrùn láti gbà? Ẹ ò sí pẹ̀lú wa ní Odigbo. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ní ìlà lára. Itọ́ gbọ́dọ̀ dé ìlà, ìhó kò sì sí nínú kíkà. Ẹ wá sọ fún àgbẹ̀ tó ti ń jẹ obì láti àárọ̀ pé kó má fi nǹkan kan sẹ́nu fún ìdajì wákàtí, kó jókòó níwájú àlejò, kó máa tutọ́ sínú ìgò. Ẹnu rẹ̀ á gbẹ bí ewé kòkó inú ọyẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dá ọgbọ́n. Mo jókòó ti bàbá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, fún un: bí wọ́n ṣe rò ó tán tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe bu ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí epo tuntun ṣe ń ṣàn lọ sí etí abọ́. Mi ò tíì dé orí ẹja tí ìgò bàbá fi kún. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, púpurú ni mo fi ń gba itọ́ Odigbo.

Ṣùgbọ́n púpurú kò ṣiṣẹ́ lára àwọn àgbà Omifunfun. Àwọn màmá wa níbẹ̀ kì í fi itọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Bí wọ́n bá tutọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ erùpẹ̀ bò ó, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ọmọ ìjọ ni gbogbo wọn. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ erùpẹ̀.

Màmá Adétutù ló jókòó ṣíwájú. Òun ló ń wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, tí ìyá mi kò tíì lè dìde. Ó di ìgò mú, ó tẹjú mọ́ mi. Ìkálẹ̀ ni a fi sọ ọ́, èmi ni mo ń tú u sí Yorùbá fún ẹ̀yin tó ń kà á.

"Délé, níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

"Wọ́n kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, mà."

"Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán ńkọ́?"

Mo wo òkè, òjò ti dúdú. Dókítà ti ń kó nǹkan rẹ̀ sínú báàgì.

"Wọn óò dá a padà fún yín, mà."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tutọ́ dé ìlà láìsí púpurú. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀lé e rí i pé ó tutọ́, àwọn náà tutọ́. Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ṣé ẹ gbà kí a yẹ itọ́ yín wò, ṣé ẹ gbà kí a tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù fún iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ṣé ẹ gbà kí a fi ohun tí a bá rí han àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Mo ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ gbà?" Wọ́n ní àwọn gbà. Wọ́n tẹ̀ka.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé èrò dé Omifunfun, ohùn kan á ti inú ilé jáde: "Délé, itọ́ mi ńkọ́?" Màá ní ó wà lọ́nà. Nígbà tó yá, bí èrò bá ní Omifunfun lòun ń lọ, màá ní táyà mi kò dáa.

Ìpè

Ọdún yípo kí Dókítà tó tún pè mí. Ó ní àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ fẹ́ pàdé ní Kìgálì, ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ jíìnì yìí. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí kò ṣe ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú rẹ̀, ibi tí òfin dé, àti ohun tí àwọn tí wọ́n gba nǹkan lára wọn ń rò. Ó ní gbogbo ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ṣiṣẹ́ ni àwọn kan ti kọ̀. Ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni kò ti sí ẹnì kan tó kọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí Délé ṣe.

Mo mọ ohun tí Délé ṣe. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Alága wa ní gáréèjì Ore ní kí n ṣọ́ra. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti ń fún ènìyàn lóúnjẹ ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lára rẹ̀ ju itọ́ lọ. Àwọn yòókù ní kí n bá àwọn gba fóònù bọ̀.

Màmá Adétutù náà gbọ́. Ó wọ ọ̀kadà ẹlòmíràn wá bá mi ní Ore, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì mú ìgò ìpara kékeré kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ débi pé ó ń dán.

"Inú èyí ni kí o bù ú sí," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n fi sínú náílọ́ọ̀nù fún ọ."

Báyìí ni mo ṣe gbé òfìfo ìgò kọjá ilẹ̀ mẹ́rin márùn-ún.

Púpurú dé ibodè

Nípa ọkọ̀ òfurufú, wọ́n de mí mọ́lẹ̀ bí ẹrù ẹ̀gẹ́, mo sì sùn. Àárọ̀ la balẹ̀. Òkè ni mo kọ́kọ́ rí, òkè lẹ́yìn òkè, ilé lórí gbogbo wọn, gbogbo rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Mo wá rántí pé èmi ni àlejò.

Obìnrin aṣọ́bodè kan ló tú àpò mi. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé mo rò pé ó ń bẹ̀ mí ni. Ó mú púpurú tí ìyá mi gún kúnná sínú náílọ́ọ̀nù dúdú jáde, ó gbé e sókè. Mo ti ń gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n ń mú nítorí ìyẹ̀fun tó jọ oògùn olóró. Kí ó tó sọ ohunkóhun, mo ti bu ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu láti fi hàn pé oúnjẹ ni. Púpurú gbígbẹ ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lẹ̀ mọ́ mi lókè ẹnu, mo wúkọ́, ó funfun yí ìrùngbọ̀n mi ká, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà sì sún sẹ́yìn.

Obìnrin náà kò wo púpurú rárá. Náílọ́ọ̀nù ló ń wò. Náílọ́ọ̀nù ni èèwọ̀ wọn; òfin ìlú wọn kò gbà á wọlé. Ó rọra da púpurú mi sínú àpò bébà, ó ká ẹnu rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó wá gba náílọ́ọ̀nù bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo rò ó wò pé bí wọ́n bá gba náílọ́ọ̀nù ní Ore lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí la ó fi ta omi, kí la ó fi di búrẹ́dì, kí la ó fi bo orí nínú òjò.

Ó wá rí ìgò Màmá. Ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìyá kan nílé ló ní kí n fi bu nǹkan kan bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún un dì fún mi, ó ní kí n má gbàgbé o.

Ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni mo dé. Títì dá. Ṣọ́ọ̀bù tì. Mo bi awakọ̀ tó wá gbé èmi àti Dókítà bóyá ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ó ní rárá, gbogbo ìlú ló ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lóṣooṣù. Lóòótọ́, nígbà tí a yí kọ́nà, mo rí wọn: àwọn tó wọ kóòtù àti àwọn tí kò wọ bàtà, wọ́n fi ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ tún ojú gọ́tà ṣe, kò sì sí ẹni tó ń pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn mẹ́ta kò lè gbé pákó kan láìjẹ́ pé ẹni kẹrin dúró tì wọ́n tó ń bú wọn.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi, ewé ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú, mo mọ èyí tí wọ́n fi ń ṣe gàrí àti fùfú, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni láyé ń jẹ ewé rẹ̀ àfi ewúrẹ́ ìyá mi, ewúrẹ́ náà sì máa ń jìyà rẹ̀ bí a bá ká a mọ́ oko. Wọ́n gún un, wọ́n sè é títí, wọ́n fi ẹ̀pà sí i. Mo tọ́ ọ wò kí n má baà dójú ti wọ́n. Mo tún bù. Nígbà tí mo bu ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ewé tí a ti fi sílẹ̀ nínú oko láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Odigbo dó, inú sì bí mi.

Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò ta lẹ́nu. Mo bèèrè ata. Wọ́n gbé ìgò bíńtín kan wá, irú èyí tí wọ́n ń fi oògùn ojú sí, wọ́n ní ẹ̀kán kan ti tó. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kán ata fún. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fún ẹ́ńjìnì ní ọ́ìlì. Ẹ̀yin ará ilé, omi jáde lójú mi, ó jáde nímú mi, etí mi hó. Itọ́ tó dà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, Dókítà ì bá fi kún ìgò mẹ́ta. Àwọn tó wà nídìí tábìlì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú má baà tì mí, ẹnì kan sì rọra sún omi sí mi. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá dùn mọ́ mi jù.

Éríìkì

Ilé tí wọ́n fi wá wọ̀ sí jìnnà díẹ̀ sí gbọ̀ngàn àpérò, ọ̀kadà sì ni wọ́n fi ń gbé wa. Ẹni tó ń gbé mi ń jẹ́ Éríìkì, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ mi. Ó wọ aṣọ pupa tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Ọ̀kadà rẹ̀ kì í dún. Iná mànàmáná ló ń lò. Ó dé akoto, ó fún mi ní akoto kejì, ó dúró títí mo fi so ó lábẹ́ àgbọ̀n.

Gẹ̀ẹ́sì tèmi àti tirẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀kadà kò ní èdè. Mo fi àwòrán inú fóònù mi hàn án: èmi, èrò méjì, àpò ẹ̀gẹ́ kan, àti àgùntàn kan tí èrò ẹ̀yìn gbé lé itan. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó bi mí pé àgùntàn náà ńkọ́, kò dé akoto?

Ní ọjọ́ kejì, a dé ibi tí iná pupa wà. Títì ṣófo. Kò sí mọ́tò níwájú, kò sí lẹ́yìn, kò sí ọlọ́pàá. Éríìkì dúró.

"Ta ló ń wò wá?" mo bi í.

"Kò sí ẹnì kankan."

"Kí la wá ń dúró dè?"

Ó nawọ́ sí iná. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo béèrè ohun tí kò yé òun. Mo ń wo iná náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgò Màmá Adétutù wà nínú àpò mi, ó ń gún mi níhà.

Ọ̀rọ̀ gba ẹnu Dókítà

Gbọ̀ngàn náà tutù, àga rẹ̀ sì rọ̀. Agbẹjọ́rò àgbà kan láti Gáńà, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun tán, ló sọ̀rọ̀ ṣíwájú mi. Mo gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé kò yára. Ó ní bí ẹni tó tẹ̀ka kò bá mọ ohun tó tẹ̀ka sí, tàdáwà lásán ló wà lórí bébà yẹn, bó ti wù kí bébà náà dára tó. Ó ní itọ́ kì í ṣe ẹrù tí a rà. Nínú itọ́ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan èyí tí wọn kò tíì bí. Mo ń làágùn nínú òtútù.

Wọ́n pè mí. Dókítà ti ní kí n máa sọ Yorùbá, òun á máa tú u sí gẹ̀ẹ́sì, àwọn ògbufọ̀ inú yàrá gíláàsì á sì máa tú u sí èdè àwọn yòókù. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú púpurú. Ẹ̀rín wọn máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí pé ó ní láti gba ẹnu mẹ́ta kọjá, ṣùgbọ́n ó ń dé. Nígbà tí mo dé orí ẹja, ọkùnrin kan nínú wọn gbé itọ́ mì, gbogbo wa rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n jókòó.

Agbẹjọ́rò nawọ́ sókè. Ó ní ní ìlú tòun náà, àwọn àgbà kì í fi itọ́ wọn sílẹ̀ fún àjèjì. Báwo ni mo ṣe rí ti àwọn bẹ́ẹ̀ gbà?

Mo lè sọ pé àdúrà ni. Irọ́ náà ti wà létè. Mo fọwọ́ kan àpò mi.

"Mo parọ́ fún wọn ni," mo ní. "Mo ní wọn óò dá a padà. Ìbéèrè mẹ́ta tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹyọ kan ni mo bi wọ́n. Dókítà kò mọ̀, nítorí pé Ìkálẹ̀ ni mo fi sọ ọ́."

Mo wá wojú Dókítà. Ọ̀rọ̀ mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mìíràn nínú gbọ̀ngàn náà. Iṣẹ́ ọdún rẹ̀ mélòó kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó lè sọ fún wọn pé mo ní mo dúpẹ́ ni. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, èmi náà kò sì ní lè bá a wí. Ó di makirofóònù mú. Àwọn inú yàrá gíláàsì ń wò ó, wọ́n ń dúró.

Ó tú u. Kò yọ ọ̀kan kúrò, kò fi ọ̀kan kún un. Mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó tó fi mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló dé.

Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Ìjiyàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní ìlérí ògbufọ̀ kò de oníṣẹ́. Agbẹjọ́rò ní ìlérí tí ẹni tí ẹ rán bá ṣe ní orúkọ yín, tiyín ni. Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá itọ́ tí a ti pò mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ ṣì jẹ́ itọ́. Ẹnì kan bi mí, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀, pé bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, ṣé dídì ni Màmá á fẹ́ ẹ, tàbí yíyọ́? Wọ́n jẹun ọ̀sán lé e lórí, wọ́n padà wá, wọ́n tún ń bá a lọ. Mo ní ìgò lápò tí màmá náà ti fọ̀ sílẹ̀, n kò sì ní ìgboyà láti mú un jáde.

Dókítà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá jókòó níwájú mi, ó gbé tíì sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi, Délé?"

"Ẹ yìn mí, mà. Láti ìgbà tí ẹ ti yìn mí ni kò ti ṣeé sọ mọ́."

Ó ní òun náà ló ń kánjú kó ẹrù nígbà tí òjò ṣú. Bí òun bá jókòó kí òun bi mí pé kí ni màmá yẹn béèrè, bóyá mi ò ní parọ́. Ó ní òun ti ní kí wọ́n ti gbogbo itọ́ ọ̀dọ̀ wa mọ́ inú fíríísà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí a óò fi padà lọ béèrè ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, wọn óò bá a dà á nù.

"Ti Màmá Adétutù ńkọ́?"

Ó wo inú tíì rẹ̀. "Mo ti pe àwọn tó ń yẹ itọ́ wò. Tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Ó ti tán."

Ilé

Mo dé Ore lọ́sàn-án. Kí n tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹni méjì ti ń ti búrẹ́dì bọ̀ mí lójú, ẹ̀kẹta ti ń bú mi pé n kò rà, fèrè mọ́tò ń dún láìnídìí, ara mi wá balẹ̀. Alága wò mí láti òkè délẹ̀ bóyá wọ́n ti yọ nǹkan kan. Mo ra akoto kejì fún èrò. Èrò àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún kọ̀ ọ́. Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ kí òun dé e, ṣé mo ti mọ̀ pé a máa ṣubú ni?

Dókítà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. A bẹ̀rẹ̀ láti Odigbo. Mo béèrè ìbéèrè kìíní, mo dúró. Mo béèrè ìkejì, mo dúró. Bàbá tó kọ́kọ́ jẹ púpurú ẹnu mi bi mí bóyá itọ́ òun wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo ní ó ṣeé ṣe kí ó wọ̀ ọ́ bí ẹ bá gbà sí ìkẹta. Ó gbà sí ìkẹta kíá. Ó ní kí nǹkan kan lára òun sáà rìn. Aládùúgbò rẹ̀ kọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ọmọ mọ́kànlá ni òun ní, gbogbo wọn sì ni òun fẹ́ràn, òun kò fẹ́ kí onímọ̀ kankan wá ṣàlàyé wọn fún òun. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ẹ ṣé, bàbá.

Mo fi Omifunfun ṣe ìkẹyìn. Màmá Adétutù wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, Dókítà kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Ìkálẹ̀, mo tún un sọ ní Yorùbá kí Dókítà lè mọ ohun tí mo sọ. Ọ̀bẹ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà."

"Ta ló lò ó tán?"

"Àwa ni, mà," Dókítà ní.

Dókítà fẹ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta náà. Màmá ní òun kò ní dáhùn ìkankan nínú wọn, àfi bí òun bá kọ́kọ́ gba ohun tí mo ti ṣèlérí fún òun. Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Ìgò mi dà?"

Mo mú un jáde. Ó wo inú rẹ̀, ó mú èédú kan nílẹ̀, ó fa ìlà sí i lára, ó sì dá a padà fún mi.

"Tutọ́ sí i."

"Màmá?"

"Mo ní kí o tutọ́ sí i. Ibi tí mo fàlà sí yẹn ni kí ó dé."

Mo gbìyànjú. Ẹnu mi gbẹ kanlẹ̀. Mo wo Dókítà, Dókítà wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo ro ọwọ́ tí ó lè bọ́ sí. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: bí òun ṣe máa ro púpurú tí òun ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yìí, bí èéfín á ṣe máa rú lára rẹ̀, bí epo á ṣe ṣàn lọ sí etí abọ́. Nígbà tó dé orí ẹja, mo dé ìlà.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò sí oòrùn, ó ní ìhó kò sí nínú kíkà. Mo tún tu díẹ̀ sí i. Ó dé e, ó gbé e wọlé.

"Nígbà wo lẹ máa dá a padà, mà?" mo bi í nígbà tó jáde.

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Ó wà lọ́nà," ó ní.

Ìgò náà wà lórí pẹpẹ rẹ̀ títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Èmi ni mo ń gbé gbogbo èrò Omifunfun báyìí, táyà mi sì dáa. Mo máa ń yà kí i. Kò bi mí nípa itọ́ mọ́; ó máa ń fún mi ní púpurú, á sì wo ẹnu mi títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Èmi ni mo máa ń wo pẹpẹ. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè itọ́ ara rẹ̀, dé ìlà, láìsí ìhó, n kò sì tíì rí ibi tí mo ti lè bù ú wá fún un.